Ọmọ tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó sinmi: CBT ni, oògùn ni, àbí òbí ló máa kọ́kọ́ yí ọwọ́ padà?

Ọmọ ọdún 9 ni. Láàárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, inú á máa run ún, èébì á máa gbé e, orí á máa fọ́ ọ. Tó bá di Sátidé, ara rẹ̀ á yá gágá. Wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, àyẹ̀wò ò rí nǹkan kan, ni ẹnìkan nínú ilé bá ní irọ́ ló ń pa. Kì í ṣe irọ́. Nígbà tí ọpọlọ bá ti gbà pé ewu ń bọ̀, ó máa ń mú kí ara tú adrenaline, èròjà tó ń múra ara sílẹ̀ de ewu, jáde: àyà á máa lù kìkìkì, èémí á yára, ẹ̀jẹ̀ á fi ikùn sílẹ̀ lọ bá iṣan ẹsẹ̀ àti apá, kí olúwarẹ̀ lè sá tàbí kó jà. Inú rírun wà lára ohun tó ń tẹ̀ lé e. Àmọ́ kò sí ẹkùn kankan níwájú ọmọ yìí. Ìwé kíkà sókè létí gbogbo kíláàsì ló wà níbẹ̀.

Òbí tí ọ̀rọ̀ bá dé ibí yìí máa ń gbọ́ ìmọ̀ràn lọ́tùn-ún lósì. Ẹnìkan á ní kó lọ gba oògùn, òmíràn á ní kò gbọdọ̀ fi oògùn kan ọmọdé lẹ́nu, ẹ̀kẹta á ní ọmọ náà yóò dàgbà kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n gbé àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tó ní ẹ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n sọ èyí tí èmi máa yàn àti ìgbà tí mo máa yàn án. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn gbogbo wọn: ṣé ọ̀nà yìí á jẹ́ kí ọmọ súnmọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù, àbí ibi tí á sá pamọ́ sí ló ń bá a wá? Èyí tó bá ń bá a wá ibi ìsápamọ́, bó ti wù kó tù ú lára lónìí, ẹ̀rù ló ń sanra níbẹ̀.

Ẹ̀rù ọjọ́ orí àti ẹ̀rù tó ti di àìsàn

Kò sí ọmọ tí kì í bẹ̀rù. Ọmọ oṣù 8 á bú sẹ́kún tó bá rí ojú àjèjì. Ọmọ ọdún kan kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ kúrò níwájú òun. Ọmọ ọdún 4 ti gbà pé nǹkan kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá tó ọdún 8, ọ̀rọ̀ ikú lè máa wá sí i lọ́kàn lóru. Nígbà tó bá sì di ọdún 14, ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù ju òkùnkùn lọ. Ìwọ̀nyí ò nílò ìtọ́jú. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì ń lọ.

Èyí tó bá ti di àìsàn kì í lọ. Àwọn dókítà ní òdiwọ̀n ọjọ́ fún un: ẹ̀rù pé kí òbí má kúrò lọ́dọ̀ òun gbọ́dọ̀ ti tó ọ̀sẹ̀ 4 kí wọ́n tó pè é ní àìsàn lára ọmọdé, ẹ̀rù àwùjọ, àti àníyàn tó ń fò láti orí ohun kan dé orí òmíràn, gbọ́dọ̀ ti tó oṣù 6. Àmọ́ èmi kì í ti ibi ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, n kì í sì í ti ibi bí ẹkún ṣe pọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rù ti gbà lọ́wọ́ ọmọ ni mo máa ń kà. Ṣé ó ṣì ń lọ sí ilé-ìwé? Ṣé ó ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré? Ṣé ó ń sùn lórí ibùsùn tirẹ̀? Ọmọ tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì tó sì ṣì ń lọ síbi gbogbo sàn ju ọmọ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú yàrá rẹ̀ lọ, torí pé ẹni tó dákẹ́ yẹn lè jẹ́ ẹni tí kò sí ohun tó ń dán wò mọ́.

Kò yẹ ká fi ojú kékeré wo ọjọ́ orí tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2005, fi hàn pé nínú àwọn tí àìsàn àníyàn bá fìtínà láyé wọn, tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ lára ìdajì wọn nígbà tí wọ́n fi máa tó ọmọ ọdún 11. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ ìjọba ibẹ̀ tó ń dámọ̀ràn nípa àyẹ̀wò fi sọ ní 2022 pé kí wọ́n máa yẹ gbogbo ọmọ ọdún 8 sí 18 wò, bí kò bá tilẹ̀ sí àmì kankan lára wọn. Ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń lò dáadáa ni SCARED: ìbéèrè 41 ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà kan wà fún ọmọ, ẹ̀dà kan fún òbí. Àròpọ̀ tó bá tó 25 ń sọ pé kí ẹ lọ rí dókítà, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn ọmọ àti ti òbí kì í sábà dọ́gba. Ẹ má fi ti òbí pa ti ọmọ rẹ́. Inú ọmọ ni ẹ̀rù náà ń gbé.

Kí ẹ tó yan ìtọ́jú kankan, ẹ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ohun tó lè jọ ọ́. Ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ lè mú kí àyà máa lù. Oògùn ikọ́ fée (asthma) kan náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, àti ohun mímu tó ní caffeine tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu láti máa ṣàìsùn. Kí ẹ sì wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà. Bí ẹnìkan bá ń lù ú, tàbí tó ń fìtínà rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Òtítọ́ ló ń sọ, ìtọ́jú rẹ̀ sì ni pé kí àgbàlagbà dá ẹni yẹn dúró.

CBT lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn

CBT ni ìtọ́jú tó ń tún ìrònú àti ìṣe ṣe pa pọ̀. Ọmọ á kọ́ bí ẹ̀rù ṣe ń wọ ara, á kọ́ láti gbá èrò tó ń dẹ́rù bà á mú kó sì bi í léèrè pé, "ṣé òótọ́ ni?", lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ gun àkàbà. Àkàbà yẹn ni egungun ẹ̀yìn ìtọ́jú náà. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ajá á kọ́kọ́ wo àwòrán ajá, á wo fídíò, á dúró sẹ́yìn fèrèsé wo ajá tí wọ́n so, á jáde wá sítòsí, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi kan irun ajá. Ní orí ìdúró kọ̀ọ̀kan, kò ní sá kúrò kó tó rí i fúnra rẹ̀ pé ohun tí òun ń retí kò ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1924, Mary Cover Jones kọ̀wé nípa ọmọ kékeré kan tí wọ́n pè ní Peter, tó ń bẹ̀rù ehoro. Nígbà tí Peter bá ń jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n á gbé ehoro inú àgò súnmọ́ ọn díẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn díẹ̀ sí i, títí ó fi ń fọwọ́ pa á lára. Ní nǹkan bí 70 ọdún lẹ́yìn náà, ní 1994, Philip Kendall ti Yunifásítì Temple gbé ìwádìí jáde lórí ètò CBT fún ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Coping Cat: ìjókòó 16, ìdajì fún ẹ̀kọ́, ìdajì fún ìdánrawò níwájú ẹ̀rù gan-an.

Mo tẹnu mọ́ ìdajì kejì yẹn nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ti ń jábọ́. Olùtọ́jú mìíràn á máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ dídùn fún oṣù 4, á kọ́ ọ ní mímí sókè mímí sílẹ̀, kò sì ní mú un dé ẹsẹ̀ àkàbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù á sì wà níbi tó wà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá CBT gidi ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ yín, ẹ béèrè ní ìjókòó àkọ́kọ́ pé: "Ọ̀sẹ̀ wo la máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó ń bà á lẹ́rù?" Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí ìyẹn, ẹ wá ẹlòmíràn.

Oògùn tí wọ́n sábà ń lò ni àwọn tí wọ́n ń pè ní SSRI, bíi sertraline, fluoxetine, fluvoxamine àti escitalopram. Wọ́n ń mú kí serotonin, èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, pẹ́ sí i láàárín wọn. Kì í ṣe oògùn tí a ń lò láàárọ̀ tí ara á sì balẹ̀ lálẹ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìyàtọ̀ tó hàn. Inú rírun, orí fífọ́, oorun tó dàrú, àti ara tí kò gbé ibì kan wà lára ohun tó lè dá sílẹ̀, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. A kì í sì í dá a dúró lójijì. Ní 2001, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí ọmọ 128 tó wà láàárín ọdún 6 sí 17 fi hàn pé 76 nínú 100 àwọn tó lo fluvoxamine gbádùn, nígbà tó jẹ́ 29 péré nínú 100 àwọn tó lo oògùn àfarawé tí kò ní nǹkan kan nínú.

Ohun tó ń dẹ́rù ba òbí jù ni ìkìlọ̀ onílà dúdú tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ ní 2004. Ó yẹ ká mọ ohun tó sọ gan-an. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí 24 jọ, tó kan ọmọ tó lé ní 4,400, nǹkan bí 4 nínú 100 àwọn tó lo oògùn ní èrò láti pa ara wọn tàbí wọ́n ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. 2 nínú 100 ni láàárín àwọn tí kò lò ó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó pa ara rẹ̀. Ewu náà kéré, àmọ́ kì í ṣe àròsọ. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, kí ẹnìkan máa bi í léèrè ní gbangba nípa èrò inú rẹ̀, kí dókítà sì máa rí i lemọ́lemọ́ ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn. Oògùn tí wọ́n kọ fún oṣù 3 láìsí pé ẹnikẹ́ni tún wo ọmọ náà kò dára lójú mi rárá.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ tún wà. FDA fọwọ́ sí duloxetine ní 2014 àti escitalopram ní 2023 fún àníyàn tó ń fò láti orí ohun kan dé orí òmíràn lára ọmọ tó bá ti tó ọdún 7. Sertraline, tí ìwádìí rẹ̀ pọ̀ jù, OCD, ìyẹn àìsàn tí èrò kan tàbí ìṣe kan kì í fi èèyàn sílẹ̀, nìkan ni àjọ náà fọwọ́ sí i fún lára ọmọdé. Tí dókítà bá kọ ọ́ fún àníyàn, kò rú òfin. Ẹ̀rí inú ìwádìí ló ń tẹ̀ lé.

Ó wá ku kí a fi wọ́n jà. Ìwádìí tó ṣe é dáadáa jù ni CAMS, tó jáde ní 2008. Ọmọ 488 ni, ọdún 7 sí 17. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà 4 fún ọ̀sẹ̀ 12. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, àwọn tó gbádùn dáadáa jẹ́ 81 láàárín àwọn tó gba CBT àti sertraline pa pọ̀, 60 láàárín àwọn tó gba CBT nìkan, 55 láàárín àwọn tó lo sertraline nìkan, àti 24 láàárín àwọn tó lo oògùn àfarawé. Ìyàtọ̀ 60 sí 55 yẹn kéré débi pé a ò lè fi sọ pé ọ̀kan ju èkejì lọ. Ẹni tó ń pariwo pé CBT ló ju oògùn lọ, àti ẹni tó ń pariwo ìdàkejì, ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tó gba CBT kò ní àìsùn, àárẹ̀ àti ara àìgbébìkan tó bí àwọn tó lo oògùn.

Àwọn àgbà iṣẹ́ náà gan-an kò fẹnu kò. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2013 lórí ẹ̀rù àwùjọ ní kí wọ́n má sọ oògùn di ohun tí wọ́n ń fún ọmọdé déédéé fún un. Ti ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ní 2020, fọwọ́ sí CBT, ó fọwọ́ sí SSRI, ó sì ní àpapọ̀ méjèèjì lè dára jù.

Ẹ gbọ́ tèmi. Bí ọmọ bá ṣì ń lọ sí ilé-ìwé, tó ṣì ń sùn, CBT ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tó kọ́ lórí àkàbà á bá a dàgbà. Bí ẹ̀rù bá ti le débi tí kò lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀, tí kò jáde nílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti bá a wọlé, ẹ má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà yẹn, iṣẹ́ oògùn ni pé kó dín ariwo inú orí kù kí ọmọ lè gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà. Oògùn nìkan, láìsí àkàbà, mo lè gbà á níbi tí kò bá sí olùtọ́jú CBT nítòsí, àmọ́ òbí á máa bá a gun àkàbà nílé. CBT lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń ṣiṣẹ́, bí olùtọ́jú gidi bá ń tẹ̀ lé ọmọ náà níbẹ̀.

Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ má retí pé ẹ ti fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ CAMS fún ọdún 4 mìíràn. Ìròyìn tó jáde ní 2018 ni pé 22 nínú 100 ni ara wọn dá ṣáṣá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. 30 ni àìsàn náà kò fi sílẹ̀. 48 tó kù, ó ń lọ ó ń bọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gbádùn ní ọ̀sẹ̀ 12 yẹn kì í sábà wà lára àwọn tí àìsàn náà kò fi sílẹ̀ tó àwọn yòókù. Ẹ tọ́jú àkàbà náà sílé.

Ìtọ́jú tí ọmọ kò sí nínú rẹ̀

Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Eli Lebowitz ní Yale ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní SPACE: òbí nìkan ló ń lọ sí ìjókòó, ọmọ kò ní dé ibẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ọmọ 124, ọdún 7 sí 14, àwọn tí òbí wọn gba SPACE gbádùn tó àwọn tó gba CBT fúnra wọn.

Báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ẹ̀rù ọmọ kì í dá gbé. Ọmọ béèrè pé "ṣé ẹ ò ní kú?", ìyá dá a lóhùn, ó tún béèrè, ìyá tún dá a lóhùn, ó di ìgbà 20 lálẹ́ kan. Ẹnìkan kí ọmọ, bàbá bá a dáhùn. Ọmọ ò lè dá sùn, òbí kan ti kó lọ sí yàrá rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìfẹ́ ló fa gbogbo èyí. Àmọ́ èmi ń pè é ní kíkẹ́ ẹ̀rù: ọmọ ò kọ́ pé òun lè fara dà á, ohun tó kọ́ ni pé láìsí màmá, òun ò lè ṣe é.

Nínú SPACE, òbí á mú ìwà kan ṣoṣo nínú àwọn yẹn, á sọ fún ọmọ ṣáájú pé òun máa dín in kù, á sì dín in kù. Ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn ní apá méjì: "Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ gan-an, mo sì mọ̀ pé wàá lè fara dà á." Bí ẹ bá yọ apá kìíní, ó di ìkà, bí ẹ bá yọ apá kejì, ẹ ti padà sídìí kíkẹ́ ẹ̀rù. Mo mọ àwọn tó máa sọ pé ohun táwọn ti ń wí nìyẹn, pé kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ kó le. Kì í ṣe òun. Jíju ọmọ sódò kọ́ ni kíkọ́ ọ ní ìwẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń yí ìwà padà níbí; ẹ ò fipá mú ọmọ ṣe ohunkóhun.

Ọ̀nà yìí ni màá kọ́kọ́ dì mú bí ọmọ bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò rí olùtọ́jú kankan, tàbí tó bá kéré débi pé kò lè to èrò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rù ohun kan ṣoṣo

Bó bá jẹ́ ajá nìkan, tàbí àrá, tàbí ibi gíga, ọ̀nà kúkúrú wà. Lars-Göran Öst ará Sweden ló gbé e kalẹ̀: ìjókòó kan, tí kì í ju wákàtí 3 lọ, kí wọ́n gun gbogbo àkàbà náà lọ́jọ́ kan. Ìwádìí kan ní Gẹ̀ẹ́sì lórí ọmọ 268, ọdún 7 sí 16, tó jáde ní 2022, rí i pé kò kéré sí CBT ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ yàtọ̀ o. Nínú àwọn ẹ̀rù tó kù, agbára ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sókè. Nínú èyí, ó lè já wálẹ̀ lójijì kí ọmọ sì dákú. Tí ẹ bá ní kó dẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣubú ni. Kó fún iṣan apá, ẹsẹ̀ àti ikùn le pọ̀, kó tú u díẹ̀, kó tún fún un.

Ọmọdé àti ọ̀dọ́

Ọmọ tí kò tíì tó ọdún 8, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìtọ́jú náà. Ti ọ̀dọ́ yàtọ̀: bó bá fura pé gbogbo ohun tí òun sọ ló ń dé etí òbí, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí olùtọ́jú ṣàlàyé lójú gbogbo yín ohun tó máa wà láàárín òun àti ọmọ, àti ohun tí kò lè pa mọ́, bí ewu ikú. Ẹ̀rù àwùjọ, tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́, kì í tètè gbọ́ CBT gbogbogbòò. Ẹ wá ètò tí wọ́n ṣe fún un gan-an. Kí ẹ sì fojú sí ọtí: ọ̀dọ́ kan lè ti rí i pé tí òun bá mu díẹ̀, òun á lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn.

Nípa àwọn oògùn tí ń tètè pa ìpayà bíi diazepam àti alprazolam, mi ò ní yàn wọ́n fún ọmọ láti máa lò. Àwọn ìwádìí kéékèèké tí wọ́n ṣe lára ọmọdé kò fi hàn pé wọ́n ju oògùn àfarawé lọ, wọ́n sì ń di bárakú. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní tètè gbà kí ọmọ fi ilé-ìwé sílẹ̀ kó máa kàwé nílé "títí ara rẹ̀ á fi yá". Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó bá lò nílé ń mú kí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ga sí i lójú rẹ̀. Wákàtí kan lójúmọ́ ní ilé-ìwé sàn ju oṣù kan nílé lọ.

Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ fi ìfiwéra sílẹ̀. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn ni.

Ní ti ọmọ ọdún 9 tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo máa yàn nìyí. Ìyá rẹ̀ á jáwọ́ nínú bíbéèrè láàárọ̀ pé "inú ò run ọ́ lónìí?". Olùkọ́ rẹ̀ á gbà kí wọ́n gun àkàbà pa pọ̀ pẹ̀lú olùtọ́jú CBT: á ka ojú-ìwé kan fún ìyá rẹ̀, á kà á fún ọ̀rẹ́ kan, á kà á fún olùkọ́ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá lọ, á ka ìlà kan létí kíláàsì láti orí ìjókòó rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á dìde. A ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ 12. Bí kò bá tíì kúrò lójú kan, a ó bá dókítà jíròrò lórí sertraline, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, inú á ṣì run ún. Òun àti inú rírun náà ni yóò jọ lọ sí ilé-ìwé.